Owó Bọ́mà tó wà nínú àpótí bàbá àgbà, àti bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀

Ọjọ́ kẹta tí a sin ẹ̀gbọ́n mi ni ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó mú owó bébà kan dání. Ó ti lọ láámínéètì rẹ̀. Inú rẹ̀ ń dùn, ó ní, "Bàbá Mọ́kọ́lá, mo ti bá wa tọ́jú ẹ̀ o, omi ò lè rí i gbé ṣe mọ́."

Rúpíì mẹ́wàá tí ìjọba Jàpáànì tẹ̀ fún ilẹ̀ Bọ́mà, tí à ń pè ní Myanmar lónìí, ni. Bàbá wa àgbà ló mú un bọ̀ láti ogun Hítílà. Àwọn sójà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ wọn sẹ́yìn rẹ̀, orúkọ méje. Ọmọ náà rí i pé owó náà gùn ju ike láámínéètì lọ, ó bá fi sísọ́ọ̀sì gé etí rẹ̀. Orúkọ kan wà létí ọ̀tún, nọ́ńbà sójà ẹni náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìdajì orúkọ ló ṣẹ́kù. Nọ́ńbà ti lọ pátápátá. Mo bi í pé níbo ló da etí tó gé sí. Ó ní àwọn ti gbálẹ̀, àwọn ti da ìdọ̀tí nù.

Mi ò bá a jà. Ta ló sọ fún un? Ọdún 31 nìyí tí mo ti ń tẹ ìwé ìpè ìnáwó, kàlẹ́ńdà àti ìwé ètò ìsìnkú ní Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn, ẹ̀rọ láámínéètì wà ní ṣọ́ọ̀bù èmi náà. Mo mọ̀ pé ooru rẹ̀ máa ń yọ́ gọ́ọ̀mù wọ inú bébà, kò sì sí bí a ṣe lè bó o kúrò kí bébà má ya. Ṣùgbọ́n mi ò fìgbà kan pe àwọn ọmọ jọ kí n sọ ọ́ fún wọn. Mo ń sọ ọ́ báyìí, fún àwọn ọmọ tiwa àti fún gbogbo ẹni tí irú owó bẹ́ẹ̀ bá wà nínú àpótí ilé wọn. Agbolé mẹ́rin ni mo mọ̀ tó ní in láàárín Ọ̀jẹ́ sí Bẹẹrẹ nìkan.

Kí ẹ tó fọwọ́ kàn án

Ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò àpótí náà bí ẹ ṣe bá a, kí ẹ tó mú ohunkóhun kúrò nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n kó pọ̀ mọ́ owó náà máa ń sọ̀rọ̀ ju owó lọ. Inú agolo tábà kan tó wà nísàlẹ̀ pọ́tímátò ni tiwa wà: owó bébà mọ́kànlá, bọ́tìnnì aṣọ sójà mẹ́ta, àmì ẹ̀yẹ onírin kan, àti aṣọ pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi wé gbogbo rẹ̀. Àmì ẹ̀yẹ náà rí bí ìràwọ̀ oníka mẹ́fà, rìbọ́ọ̀nù rẹ̀ ní ilà pupa fẹ̀ǹfẹ̀ láàárín búlúù, pẹ̀lú ilà àwọ̀ ọsàn tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́tùn-ún lósì. Ìràwọ̀ Bọ́mà nìyẹn. Tí ẹ bá rí i nínú àpótí, ẹ ti mọ ibi tí bàbá yín jagun dé. Tí ẹ bá rí báàjì tí aláǹtakùn dúdú wà lára rẹ̀, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 81 ló bá lọ, àwọn tó dé Íńdíà ní 1943. Tó bá jẹ́ ọ̀kọ̀ méjì tó dábùú ara wọn nínú òṣùká, ẹgbẹ́ 82 ni.

Lẹ́yìn fọ́tò, ẹ fọ ọwọ́ yín pẹ̀lú ọṣẹ, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, ẹ má fi ìpara kankan. Ẹ tẹ́ bébà funfun sórí tábìlì. Ẹ pa fáànù. Ẹ má rẹ́rìn-ín sí èyí. Mo ti rí owó tó já sí méjì nítorí pé fáànù gbé e lu ògiri.

Ẹ má fọ owó náà. Ẹ má fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́. Ibi tó bá ya, ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́: bó bá pẹ́, gọ́ọ̀mù rẹ̀ á di pupa rúsúrúsú, á wọnú bébà, ike á ṣí kúrò, àbàwọ́n á sì kù síbẹ̀. Tí pín tàbí kílíìpù bá wà lára rẹ̀, ẹ má fà á yọ lójijì, torí irin tó ti dógùn-ún máa ń lẹ̀ mọ́ bébà. Ẹ ki ike pẹlẹbẹ bọ abẹ́ irin náà, kí ẹ wá rọra gbé e díẹ̀díẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé ṣíṣẹ́po ni ẹ bá a, ẹ wo irú àsìkò tí ẹ wà kí ẹ tó tú u. Èyí, iṣẹ́ ló kọ́ mi. Bébà máa ń gan nígbà ọyẹ́, ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ po á sì dá bí èèpo ẹyin. Nígbà òjò, afẹ́fẹ́ Ìbàdàn lómi nínú, bébà á rọ̀. Nítorí náà, owó tó ti wà ní ṣíṣẹ́po láti 1946, ẹ fi í sílẹ̀ di oṣù kẹfà tàbí ìkeje. Ẹ tú ìṣẹ́po kan lónìí, ẹ fún un ní ọjọ́ méjì, kí ẹ tó tú èyí tó kù. Tó bá ti tẹ́ tán, ẹ fi bébà A4 funfun sí òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ kó o sáàárín ìwé ńlá méjì tí èèpo rẹ̀ le, ẹ gbé òmíràn lé e, ẹ gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ má fi ìwé ìròyìn wé e láé. Bébà tí wọ́n fi ń tẹ ìwé ìròyìn ní èròjà kíkan nínú, òun ló ń sọ ọ́ di pupa láàárín ọdún kan, ohun tó bá sì fara kàn án á gbà lára rẹ̀.

Ẹ dá a mọ̀

Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lọ́sàn-án, ẹ ka gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lára rẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn. Tí lẹ́tà bá wẹ́ jù, ẹ ya á ní fọ́tò kí ẹ fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ àwọn bàbá wa tó lọ Bọ́mà ni èyí tí wọ́n kọ THE JAPANESE GOVERNMENT sí lára gàdàgbà. Ó máa ń ya àwọn ọmọ lẹ́nu pé Gẹ̀ẹ́sì ni owó Jàpáànì ń sọ. Abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni Bọ́mà wà kí Jàpáànì tó gbà á ní 1942, rúpíì ni wọ́n sì ń ná níbẹ̀. Jàpáànì kò kó owó ilé tirẹ̀ wá. Ńṣe ló tẹ owó ọ̀tọ̀ fún ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó gbà, ó sì fi lẹ́tà sàmì sí i. Nínú àwọn lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ sí ibi tí nọ́ńbà ìbá wà, èyí tó ṣáájú ló ń sọ ilẹ̀ tó ni ín. B ni Bọ́mà. M ni Màléyà. P ni Filipíìnì. S ni àwọn erékùṣù tí à ń pè ní Indonéṣíà lónìí. O ni àwọn erékùṣù Òkun Pàsífíìkì. Ti Bọ́mà bẹ̀rẹ̀ láti sẹ́ńtì kan, ó gùn un dé 100 rúpíì. Lára àwọn ńlá, ẹ ó rí tẹ́ḿpìlì ẹlẹ́sìn Búdà kan. Láti kékeré ni wọ́n ti sọ fún wa nílé wa pé ààfin ọba Jàpáànì ni. Bọ́mà gan-an ni tẹ́ḿpìlì náà wà.

Tí ẹ bá rí M àti igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ lára tiyín, ti Màléyà nìyẹn. Àwọn sójà wa ò jagun débẹ̀, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí bàbá yín bá sójà mìíràn pààrọ̀ rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ìtàn ni ìyẹn náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ ó ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní nọ́ńbà bí náírà ṣe ní in. Èmi tí mo ń fi nọ́ńbà sí ìwé rìsíìtì fún àwọn oníbàárà mi, mo mọ ìdí tí nọ́ńbà fi wà: kí a lè mọ iye tó jáde. Owó tí kò ní nọ́ńbà, ta ni yóò ka iye rẹ̀? Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́, ọjà wọ́n gógó, owó sì di yẹpẹrẹ lọ́wọ́ àwọn ará Bọ́mà. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì padà dé, tí wọ́n gba Rangoon, olú ìlú Bọ́mà nígbà náà, ní oṣù karùn-ún ọdún 1945, bébà lásán ló dà. Bàbá àgbà máa ń sọ pé ní ìlú kan tí àwọn Jàpáànì ṣẹ̀ṣẹ̀ sá kúrò, ńṣe ló wà nílẹ̀ bí ewé tí ọyẹ́ já, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ kọjá.

Èkejì ni owó Íńdíà. Íńdíà ni ọkọ̀ ojú omi ti já wọn sílẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ wọn ní ogun inú igbó, rúpíì ibẹ̀ ni wọ́n sì ń ná. RESERVE BANK OF INDIA ni ẹ ó rí lára rẹ̀, pẹ̀lú orí Ọba Jọ́ọ̀jì Kẹfà. Ẹ wo orúkọ ẹni tó buwọ́ lù ú. Tó bá jẹ́ J. B. Taylor, láàárín 1937 sí 1943 ni. Tó bá jẹ́ C. D. Deshmukh, 1943 sí 1949. Ti Deshmukh ló wà nínú agolo tiwa, ó sì bá ìgbà tí bàbá àgbà débẹ̀ mu. Tó bá jẹ́ rúpíì kan, GOVERNMENT OF INDIA ni wọ́n kọ sí i, 1940 sì ni ọdún ara rẹ̀. Rúpíì méjì jáde ní 1943. Ogun ló bí àwọn owó bébà kéékèèké yìí, torí irin tí wọn ì bá fi rọ owó ẹyọ ti wọ́n.

Tó bá jẹ́ owó Íńdíà ni tiyín, ẹ tún un wò dáadáa bóyá wọ́n fi yíǹkì pupa tẹ MILITARY ADMINISTRATION OF BURMA lé e lórí. Èyí jáde ní 1945 nígbà tí àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso Bọ́mà, wọn ò sì jẹ́ kí a ná an níbòmíràn. Kò wọ́pọ̀ tó ti Jàpáànì. Ẹ fi í sí ẹ́ńfílóòpù tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Kì í ṣe Bọ́mà nìkan ni wọ́n lọ. Àwọn sójà Nàìjíríà wà lára àwọn tó wọ Mogadishu ní oṣù kejì ọdún 1941, tí wọ́n sì gba Sòmálíà kọjá sí Abisíníà (Etiópíà òní) láti lé àwọn ará Ítálì. Tí ẹ bá rí lírà tí AFRICA ORIENTALE ITALIANA wà lára rẹ̀, ọ̀nà yẹn ló gbà wálé. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn bàbá tó dàgbà ju ìyẹn lọ bá Jámánì jà ní Kamẹrúùnù láàárín 1914 sí 1916. Bébà tí wọ́n kọ SCHATZSCHEIN àti Duala sí lára, tí déètì rẹ̀ jẹ́ 12 August 1914, ti ibẹ̀ ni. Ẹ má jẹ́ kí irú rẹ̀ jáde nílé yín kí ẹni tó mọ̀ ọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ̀wẹ̀, WEST AFRICAN CURRENCY BOARD kì í ṣe owó òkèèrè. Owó tiwa ni, ṣílè àti pọ́n-ùn tí àwọn ìyá wa fi ṣòwò ní Dùgbẹ̀ kí ti Nàìjíríà tó jáde ní 1959. Ti Bíáfúrà, tí igi ọ̀pẹ wà lára rẹ̀, 1968 ló bẹ̀rẹ̀. Ìtàn rẹ̀ yàtọ̀, ìtọ́jú rẹ̀ kò yàtọ̀.

Orúkọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn sójà ìgbà náà kí wọ́n mú owó tí kò níyì mọ́, kí wọ́n gbé e yí ká, kí oníkálukú kọ orúkọ rẹ̀ sí i kí wọ́n tó pínyà. Tí ẹ bá rí kíkọ kankan lẹ́yìn owó yín, kódà kó jẹ́ ìlà tó ti pa rẹ́, ẹ má pè é ní ìdọ̀tí. Ọmọ kan ní agbolé kejì sí tiwa fi ìrésà pa orúkọ mẹ́rin rẹ́ torí pé ó fẹ́ kí owó náà mọ́.

Bí a ṣe ń kà á nìyí. Ẹ dúró di alẹ́, ẹ pa iná yàrá, ẹ fi iná fóònù lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó náà kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ kọjá lójú bébà. Ibi tí pẹ́ńsù ti tẹ bébà á jin, òjìji á sì wà nínú rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò. Ẹ gbé iná lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ tún yà á, títí ẹ ó fi yí i po. Ẹ wá dà á kọ sínú ìwé, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bó ṣe wà. Lẹ́tà tí kò bá yé yín, ẹ fi àmì ìbéèrè sí ipò rẹ̀, ẹ má fi èrò tiyín dí i. Ẹni tó kọ "Lasis" lè máa jẹ́ Lásísì, ó sì lè jẹ́ pé ibẹ̀ ni pẹ́ńsù ti kán.

Méjì nínú orúkọ tiwa ni wọ́n kọ ní lẹ́tà Lárúbáwá. Mo mú fọ́tò rẹ̀ lọ bá Álífà kan ní Sábó. Fọ́tò ni mo mú lọ, mi ò gbé owó fúnra rẹ̀ kúrò nílé. Álífà ní kí n jókòó, ó gbé awò rẹ̀ wọ̀, ó ní Hausa ni wọ́n fi lẹ́tà náà kọ, pé orúkọ ìlú ló gbẹ̀yìn ọ̀kan: Kátsínà. Ó ka orúkọ náà sókè lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá ṣe àdúà fún un, èmi náà ṣe àmín.

Nọ́ńbà ṣe pàtàkì ju orúkọ lọ. Ti sójà Nàìjíríà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NA. Orúkọ lè jọra, wọ́n sì máa ń kọ orúkọ wa bó ṣe dún létí wọn, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ẹnì kan kì í jẹ́ ti ẹlòmíràn. Tí ẹ bá ti ní in, ẹ lọ sí orí íntánẹ́ẹ̀tì, sí ojú ewé Commonwealth War Graves Commission, àwọn tó ń tọ́jú ibojì àwọn tó kú sógun náà. Ọ̀fẹ́ ni láti wá orúkọ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ sójà Áfíríkà tó kú ní Bọ́mà tí kò ní ibojì tí a mọ̀, orúkọ wọn wà lára òpó Rangoon Memorial nínú ibi ìsìnkú ológun ní Taukkyan. Orúkọ tó wà lára òpó wọ̀nyẹn lé ní 26,000. Àwọn tó kú nìkan ni ẹ ó bá níbẹ̀ o. Tí ẹ ò bá rí orúkọ bàbá yín tàbí ti ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹ dúpẹ́.

Nínú orúkọ mẹ́fà tó pé lẹ́yìn owó tiwa, mo rí ẹyọ kan níbẹ̀. Orúkọ bá a mu, nọ́ńbà bá a mu. 1945 ló kú. Mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rọ ń ké, oníbàárà ń pè mí, mi ò dáhùn. Ọkùnrin yìí ti mú pẹ́ńsù, ó ti kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn owó bàbá àgbà mi, kò sì padà wálé. Ó ṣeé ṣe kí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti kọ nǹkan kẹ́yìn tó ṣì wà láyé jẹ́ inú agolo tábà wa.

Ẹ má gbàgbé àwọn tó ṣì wà láàyè. Àbúrò bàbá mi obìnrin, Ìyá Ọ̀jẹ́, ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Mo tẹ fọ́tò owó náà gàǹgà fún un, ó fẹ̀ tó ojú ewé kàlẹ́ńdà, mo sì lọ láàárọ̀ lẹ́yìn tó ti mu ẹ̀kọ tán, kí ara rẹ̀ tó rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo tan fóònù kó máa gba ohùn sílẹ̀, mo wá dákẹ́. Ẹ má bi àgbà ní ìbéèrè mẹ́wàá léra wọn. Ẹ gbé fọ́tò lé e lọ́wọ́, ẹ dúró. Ó wò ó títí, kò sọ̀rọ̀ owó rárá. Aṣọ tí wọ́n fi wé e ló ń bèèrè. Ó ní ṣé ó ṣì wà? Ó ní kì í ṣe àlà bí gbogbo wa ṣe rò, pé aṣọ tí wọ́n fi ń ju oúnjẹ sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ òfuurufú ni. Mo wá rí i kà lẹ́yìn náà pé òótọ́ ni: nínú àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà, kò sí ọ̀nà mọ́tò, orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù, òkè ni oúnjẹ àti ọta ìbọn sì ti ń bọ̀ pẹ̀lú párásúùtì. Bí mo bá ti da aṣọ yẹn nù pé ó ti gbó ńkọ́?

Ẹni tó bá fẹ́ wádìí síwájú sí i, National Archives wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Fáìlì ìjọba amúnisìn nípa ìgbà ogun wà níbẹ̀. Ẹ kọ orúkọ àti ọdún tí ẹ ń wá sílẹ̀ kí ẹ tó lọ, torí ẹni tó bá lọ láìmọ ohun tó ń wá á kàn jókòó ti ìwé ni.

Tí ẹnikẹ́ni bá ní ó tó mílíọ̀nù

Òtítọ́ ni kí n sọ: owó Jàpáànì tí àmì B wà lára rẹ̀ pọ̀ káàkiri ayé. Àwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ lókè òkun ń ra ọ̀pọ̀ nínú wọn ní dọ́là díẹ̀ péré, èyí tó ti ya tàbí tó ti ṣẹ́ po kò sì tó bẹ́ẹ̀. Kò sí báǹkì kankan tí yóò gbà á pààrọ̀. Àwọn ará Filipíìnì ti dán an wò: wọ́n kó ti wọn jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n lu òǹtẹ̀ JAPWANCAP, orúkọ ẹgbẹ́ náà ní ìkékúrú, sára owó náà, wọ́n pe Amẹ́ríkà lẹ́jọ́ pé kó san án fún wọn. Ní 1967, ilé ẹjọ́ ní kò sí ohun tó jọ ọ́.

Síbẹ̀, àwọn kan ń rìn kiri. Ọ̀kan bá ìbátan mi kan, ó ní báǹkì kan lókè òkun ń wá rúpíì mẹ́wàá ogun, pé kó san ₦45,000 fún fọ́ọ̀mù. Ó san án, ó sì kó owó bébà méjì lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú. Fóònù ọ̀hún kò lọ mọ́ láti ọjọ́ náà. Ẹni tó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ sanwó kí òun tó ra ohun tiyín, ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó, ẹ fi fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn ránṣẹ́ sí i, ó tó. Tí ẹ bá pinnu láti tà, ẹ ta èyí tí kò ní kíkọ kankan lára. Èyí tó ní orúkọ, mo bẹ̀ yín.

Ibi tí a ń kó o sí

Ohun tó nílò kò pọ̀. Bébà A4 tí wọ́n kọ acid free (tí kò ní èròjà kíkan) sára èèpo rẹ̀ ni kí ẹ fi ṣe àpò fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣẹ́ ẹ po, ẹ má fi gọ́ọ̀mù. Ike rírọ̀ tó ń rùn bíi ti rọ́bà tuntun kò dára, ó máa ń rọ̀ mọ́ yíǹkì lára. Ara àpò ni kí ẹ fi pẹ́ńsù kọ ìtàn rẹ̀ sí kí ẹ tó ki owó bọ inú rẹ̀, ẹ má kọ ohunkóhun sára owó. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú àpótí tí ìdérí rẹ̀ pa mọ́ra. Àwọn sáṣẹ́ẹ̀tì kéékèèké tí ń gba omi, tí ẹ máa ń bá nínú páálí bàtà tuntun, ẹ fi méjì sí i, ẹ máa pààrọ̀ wọn.

Káńfọ̀, ẹ má fi kàn án. Mo ti rí ibi tó ti yọ́ mọ́ ike. Ẹ má gbé e sí àjà, ooru páànù á gbẹ ẹ́. Ẹ má gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ mọ ikán Ìbàdàn. Ẹ má gbé e ti ògiri tó ń gba òjò. Orí ṣẹ́ẹ̀fù nínú wọ́dúróòbù yàrá tí ẹnì kan ń sùn ló dáa jù. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, lẹ́yìn tí òjò bá ti dá tí ọyẹ́ kò tíì le, ẹ ṣí i, ẹ wò ó bóyá aáyán ti débẹ̀, tàbí bóyá ohun funfun bí ìyẹ̀fun ti ń hù lára bébà.

Tí ẹ bá fẹ́ gbé e kọ́ ògiri pálọ̀, ẹ jẹ́ kí onítẹ̀wé ṣe ẹ̀dà aláwọ̀ rẹ̀, ẹ̀dà ni kí ẹ fi férémù sí. Oòrùn á pa yíǹkì.

Pípín rẹ̀

Bàbá àgbà fẹ́ ìyàwó mẹ́ta, ìdí-igi ni a fi ń pín ogún nílé wa. Ìdí kọ̀ọ̀kan ní àwọn fẹ́ tàwọn. Mi ò rò pé ó burú kí owó tí kò ní kíkọ lára lọ sọ́wọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bí a bá ti ya fọ́tò gbogbo wọn papọ̀ ṣáájú. Ṣùgbọ́n èyí tó ní orúkọ kò ṣeé pín. Ohun tí a ṣe ni pé mo ṣe ẹ̀dà rẹ̀ mẹ́ta, ìdí kọ̀ọ̀kan mú ọ̀kan, a sì ra ìwé àkọsílẹ̀ kan tí gbogbo ìtàn Ìyá Ọ̀jẹ́ wà nínú rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Ìyá Ọ̀jẹ́ ni agolo wà báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ ṣí i, ìdí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ mọ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló dà á kọ sínú ìwé náà. Mo ní òun ni kó kọ ọ́, ó sì kọ ọ́ dáadáa, ó gbà á ní ọjọ́ mẹ́rin. Owó tó láámínéètì, a fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Tí ẹnì kan bá ní òun lè bó ike náà kúrò, ẹ má gbà fún un. Lára àpò rẹ̀, mo fi pẹ́ńsù kọ orúkọ mẹ́fà tó pé. Lábẹ́ wọn, mo kọ ìdajì ìkeje, lẹ́tà mẹ́rin, mo sì fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.